Pèrègún Mẹ́rìnlá Ààlà Àyàndìran

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, kí oòrùn tó kan àtàrí, èmi Tàjúdéènì nìkan ṣoṣo ka igi tíìkì mílíọ̀nù kan ó lé mẹ́rìnlélógún. Mo fi téèpù wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láyà, mo fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí wọn lára, mo jẹ iyán abọ́ méjì láàárín, mo sì délé bá ìrun Àìlà. Bí ẹ bá ti ń rẹ́rìn-ín, orí yín pé. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́ta ní gbogbo Ìbàdàn tó lè gba irú èyí gbọ́. Àmọ́ àwọn kan gbà á gbọ́ lókè òkun, wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, wọ́n fi sínú fáìlì, wọ́n sì sanwó lé e lórí.

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde báyìí, torí mi ò mọ̀ bóyá ọ̀la á bá mi níbí. Ẹlẹ́yẹlé ni mo wà, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi. Dókítà ya fọ́tò àyà mi, ó ní eruku pákó tí mo fà símú fún ogún ọdún ní Bódìjà ti dí ẹ̀dọ̀fóró mi pa bí ìgbà tí èèyàn fi símẹ́ǹtì dí ihò eku. Èmi tí mo ta atẹ́gùn fún òyìnbó, inú àgbá ni mo ti ń ra atẹ́gùn mí. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ sí i. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ tèmi tán kí àgbá yìí tó gbẹ.

Ọjà pákó Bódìjà ni mo dàgbà sí. Fọ́ọ̀mù mẹ́ta ni mo kàwé dé, olùkọ́ ìṣirò ló lé mi, torí ìṣirò yòówù kó fún mi, mílíọ̀nù kan ni ìdáhùn mi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Tàjú Mílíọ̀nù. Bí oníbàárà bá bi mí lọ́jà pé ṣé pákó yìí lágbára, mà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ṣẹ́ kù nínú igi tí Ànọ́bì Núhù fi kan ọkọ̀ nìyí. Ẹ wo ibi tí erin fẹsẹ̀ tẹ̀." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rà á. Ó wá yé mi bẹ́ẹ̀ pé bí èèyàn bá ti lè rẹ́rìn-ín sí irọ́, irọ́ ti di àwàdà, ẹ̀ṣẹ̀ ti jáde kúrò nínú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí mo bá dàgbà nìyẹn. Ẹ ò rí i pé òmùgọ̀ ni mí.

Ọjọ́ tí mo sọ ti Ànọ́bì Núhù yìí fún Ọ̀gá Ọmọ́níyì, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò mí ni, bí ẹni tó ń wo màlúù tó fẹ́ rà. Ọkùnrin tó mọ́ra ni, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ring Road, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń mú kí eyín máa gbá ara wọn. Ó ní, "Tàjú, ẹnu rẹ yìí ń ṣòfò níbí. Ṣé o mọ igi í wọ̀n?"

Mo ní, "Ọ̀gá, bí mo bá wo igi lójú, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún mi."

Ó ní kí n wá lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe là á yé mi rèé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan wà lókè òkun tí èéfín wọn ń ba ojú ọ̀run jẹ́. Igi sì rèé, ńṣe ló ń gbé èéfín mì, inú ara rẹ̀ ló ń kó o pamọ́ sí. Nítorí náà, ẹni tó bá gbin igi tuntun sórí ilẹ̀ tó ṣófo, wọ́n á wọn igi rẹ̀, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí iye èéfín tí igi náà gbé mì, àwọn eléèéfín á sì ra ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kírédíìtì kábọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é.

Mo bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé wọ́n máa wá kó èéfín náà ni?" Ó ní rárá. "Ṣé wọ́n máa wá gé igi náà?" Ó ní rárá, kó ṣáà máa dúró níbẹ̀ ni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ogún ọdún ni mo ti ń ta igi, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí ẹni tó ta igi tí igi ò kúrò nílẹ̀.

Oko tíìkì yẹn, bí èèyàn bá kọjá Challenge, tó wá ya sí ọ̀nà oko, ó tó wákàtí kan ààbọ̀. Igi ibẹ̀ kì í ṣe tuntun, wọ́n ti gbìn ín kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Ọ̀gá, aṣálẹ̀ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwa la gbin gbogbo rẹ̀. Bí èmi bá ń kọ nọ́ńbà sára igi lápá ọ̀tún, Ìdrís tó ń lo ẹ̀rọ ìgégi á máa gé e lápá òsì, ọkọ̀ á sì máa kó o lọ sí Bódìjà. Èyí tó ti di kùkùté, mo ṣì ń kọ ọ́ pé ó ń sanra lọ́dọọdún. Kùkùté kan wà níbẹ̀ tí mo fún ní ìwọ̀n tó jẹ́ pé, bó bá jẹ́ òótọ́ ni, à bá máa rí orí rẹ̀ lẹ́yìn Kòkó Háòsì ní Dùgbẹ̀. Orí àga lábẹ́ igi ni mo ti ń wọn púpọ̀ nínú wọn. Mo ń gbádùn ara mi.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tíìkì náà ni Aba Àyàndìran wà: ilé amọ̀ méjì tí wọ́n fi páànù bò, àti éékà méje tó kún fún kòkó, obì àti ẹ̀gẹ́. Bàbá Àyàndìran ló ni ín, ọwọ́ baba rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Màmá Àmọ̀kẹ́, ni wọ́n ń gbé ibẹ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, kò sí èyí tó kù. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń jẹun ọ̀sán. Màmá á sun iṣu, á da epo àti ata gígún sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní, "Mílíọ̀nù, ègé mélòó lo máa jẹ lónìí?" Mà á ní, "Mílíọ̀nù kan, Màmá." Á fún mi ní méjì. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, á tún fún mi ní ìkẹta, á ní èyí ni ti èlé.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá mú àdá rẹ̀, ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìgboro lè má mọ èyí: pèrègún ni wọ́n fi ń dá ààlà ní oko wa. Wọn kì í gbìn ín káàkiri. Ìlà kan gbọnrangandan ni, ẹni tó nilẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀ á jọ fọwọ́ mú un bọ ilẹ̀, kí ìkankan nínú wọn má baà sọ lọ́la pé òun ò mọ̀. Bí ẹni tó nilẹ̀ bá sì ti ń dàgbà, á mú ẹni tó fọkàn tán wá wò ó, pé bí òun bá kú, kí onítọ̀hún lè sọ. Mẹ́rìnlá ni pèrègún tó wà láàárín oko Àyàndìran àti oko tíìkì. Bàbá ń fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á, ó ní kí n máa kà á tẹ̀ lé òun.

Nígbà tí a dé ìparí, mo ní, "Bàbá, ó ti pé mílíọ̀nù."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tàjú, èyí kì í ṣe ti eré. Mélòó ni?"

"Mẹ́rìnlá ni, Bàbá."

"Mi ò lọ́mọ. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí sí Ring Road. Ó fi àwòrán ilẹ̀ kan hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Ìlà pupa yí oko tíìkì wa ká, ó wá gba ẹ̀yìn Aba Àyàndìran kọjá, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì bí ìgbà tí ejò gbé ẹyin mì.

Mo ní, "Ọ̀gá, ìlà yìí ti wọ oko olóko."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹni tó yà á ló tàsé. Ṣùgbọ́n àwòrán yẹn ti dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Kò sí bí a ṣe lè yí àwòrán padà mọ́, Tàjú. Ilẹ̀ ló kù tí a lè yí."

Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí o. Mo tiẹ̀ ní ó dùn.

Ìtẹ̀ka ni a kọ́kọ́ ṣe. A pe àwọn ará aba tó wà lágbègbè náà jọ, a fún wọn ní búrẹ́dì àti mínírà, èmi ni mo gbé ìwé káàkiri. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ka kí òyìnbó lè mọ̀ pé búrẹ́dì dé ọwọ́ wọn. Bàbá Àyàndìran ní, "Kí ni wọ́n kọ sókè yìí?" Mo ní, "Oríkì búrẹ́dì ni, Bàbá." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ka. Màmá Àmọ̀kẹ́ tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé wọ́n fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ilẹ̀ wọn fún ọgbọ̀n ọdún.

Lẹ́yìn èyí ni ti pèrègún. A dúró de ọjọ́ Jímọ̀ kan tí Bàbá àti Màmá lọ sí Agbówó, níbi tí Jóṣúà, ọmọ àbúrò Bàbá, ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n ní àwọn á sun ọjọ́ méjì níbẹ̀. Èmi àti Ìdrís débẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìdrís gé kòkó, ó gé obì, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí pèrègún, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Tàjú, èyí tí wọ́n ní kí n gé ni mo gé. Mi ò ní fọwọ́ kan ààlà."

Mo ní, "Àbí ó máa bù ọ́ jẹ ni?"

Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ gé e. Ẹ̀yin lẹ mọ iye tó jẹ́."

Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un pé mo mọ iye tó jẹ́. Mo gba àdá. Ó yẹ kí n hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, àmọ́ ọ̀lẹ ni mí láti kékeré, ilẹ̀ sì le. Mo bẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nídìí, mo ru ìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lọ sí ẹ̀yìn ilé Bàbá, mo kì wọ́n bọ ilẹ̀ níbi tí ìlà pupa inú kọ̀ǹpútà wà. Ẹ ṣáà mọ pèrègún, ibi tí wọ́n bá kì í bọ̀ ló ti ń hù. Ibi tí mo ti bẹ́ ẹ, a kó erùpẹ̀ bò ó, a gbin ọmọ tíìkì sí i. Nígbà tí a parí, mo jókòó sórí kòkó tí wọ́n gé, mo jẹ iṣu tí Màmá fi pamọ́ dè mí sínú ìkòkò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fo gbólóhùn yẹn. Mo jẹ iṣu náà.

Bàbá dé, kò pariwo. Ó lọ bá Baálẹ̀. Baálẹ̀ pe gbogbo wa jọ sórí ilẹ̀ náà, Ọ̀gá Ọmọ́níyì wá pẹ̀lú ìwé ìtẹ̀ka. Ó kà á sókè. Màmá fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ti ìwé sílẹ̀. Mo ní ẹlẹ́rìí." Ó wá nàka sí mi. Ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀ ju ti ẹni tó ti jàre lọ.

Gbogbo ojú yí sí mi. Ọ̀gá ò wò mí, bàtà rẹ̀ ló ń wò. Mo lè sọ pé ẹ̀rù bà mí, irọ́ ni. Ohun tó ṣe mí ni pé àwọn èèyàn pọ̀, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń retí ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹnu mi sì ń yún mi. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò mọ̀ pé pèrègún ń rìn ni? Bí ẹ ṣe lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ ni tiyín náà wọṣọ, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá bá yín jẹ ìrẹsì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe gbogbo wọn, àmọ́ ẹ̀rín náà pọ̀ tó. Baálẹ̀ ní tirẹ̀ ò gbójú kúrò lára mi. Ó ní, "Tàjúdéènì, mo ń bi ọ́ o. Ṣé ibi tí pèrègún wà yìí ni ààlà?"

Mo ní, "Ibẹ̀ ni, Baálẹ̀. Mo kà á, mẹ́rìnlá pé."

Bàbá Àyàndìran wò mí títí. Ó ní, "Ó dáa, Tàjú. O kà á dáadáa." Ìyẹn nìkan ló sọ. Wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ Jóṣúà ní Agbówó, oṣù kẹrin lẹ́yìn náà ló kú sínú yàrá níbẹ̀. Kò ṣàìsàn kan tí wọ́n lè dárúkọ. Màmá Àmọ̀kẹ́ wá ń sun bọ́ọ̀lì lẹ́bàá títì níbẹ̀, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pè é ní Ìyá Oníbọ́ọ̀lì, tí wọn ò mọ̀ pé ìyá náà ti ní igi obì mọ́kàndínlógójì rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹnu yín dùn, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Bí ẹ bá pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ẹ wo ẹni tí kò rẹ́rìn-ín láàárín wọn. Òun ni ẹ fi owó rẹ̀ ṣàríyá.

Ọdún kan ààbọ̀ kọjá, òjò méjì rọ̀, kí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tẹjúmọ́lá tó dé. Àwọn tó ń ra ìwé èéfín ló rán an láti wá fojú ara rẹ̀ wò ó. Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, torí bí mo bá kọ ti ọjọ́ náà tán, mi ò ní lè kọ nǹkan mìíràn. Tẹjúmọ́lá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìjà ààlà wà, pé kò sí ẹlẹ́rìí. Wọ́n rán ẹlòmíràn wá lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí kò mọ pèrègún yàtọ̀ sí òdòdó. Ìyẹn fọwọ́ sí i. Ọ̀gá hú ìdí pèrègún tí mo bẹ́ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó ti ní oko kejì báyìí. Jóṣúà gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, ó tẹ̀ka pé ìdílé ò ní bínú. Màmá Àmọ̀kẹ́ kú nínú àwẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí àìsàn yìí wá dá mi dúró, mo wá lọ́yà kan lọ sí Dùgbẹ̀, mo ní mo fẹ́ jẹ́rìí. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Alàgbà, ta ni ẹ fẹ́ jẹ́rìí fún?" Mi ò rí orúkọ dá. Nítorí náà, ẹ má dárí jì mí. Ìdáríjì ò sí lọ́wọ́ yín, àwọn tó wà lọ́wọ́ wọn ti kó o lọ.

Ọjọ́ tí Tẹjúmọ́lá dé, mo mú un wọ oko tíìkì, mo ń pa á lẹ́rìn-ín. Igi wa ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó wà nínú ìwé, mo wá ń mú un yí apá kan náà ká, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí mo ti kọ sẹ́yìn igi. Nígbà tó yá, ó dúró, ó fọwọ́ kan igi kan, ó ní, "Bọ̀dá Tàjú, igi yìí ti kí mi lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Ó mọ̀wà hù." Mo rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká lọ wo apá tuntun.

Apá tuntun ni ilẹ̀ Àyàndìran. Ọmọ tíìkì tí a gbìn ti kú lápá púpọ̀, koríko ti bò ó. Àmọ́ láàárín koríko náà, ewé tútù kan ń yọ, ó tún yọ níwájú, ó tún yọ, ìlà kan gbọnrangandan láti ibì kan dé ibì kejì. Ìdí tí mo bẹ́ ti hù. Ọ̀lẹ mi ló hù. Tẹjúmọ́lá rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kà á, ó sì kọjá sẹ́yìn ilé. Ó padà wá, ó ní, "Ọwọ́ ìyá àgbà mi ni mo dàgbà sí lóko, Bọ̀dá. Pèrègún kì í hù ní ìlà fúnra rẹ̀. Mẹ́rìnlá ni níhìn-ín, mẹ́rìnlá náà ló tún wà lẹ́yìn ilé lọ́hùn-ún. Èwo ni ààlà?"

Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí àwọn tó tẹ̀ka sínú ìwé, òun ti kọ́kọ́ yà sí Agbówó láàárọ̀. Màmá Àmọ̀kẹ́ ló sọ̀. Ó ti gbẹ. Èédú bọ́ọ̀lì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Tẹjúmọ́lá ní, "Màmá, ta ló mọ ààlà yìí yàtọ̀ sí yín?"

Màmá ní, "Òun ni. Bàbá mú un wá kà á."

Tẹjúmọ́lá mú ìwé àti bíró jáde. Ó ní, "Bọ̀dá, bí ẹ bá sọ ọ́ báyìí, mà á kọ ọ́, ẹ máa fọwọ́ sí i, ilẹ̀ yìí á kúrò nínú ìwé wọn. Kò ju ìyẹn lọ."

Màmá sún mọ́ mi. Ó ní, "Mílíọ̀nù, ọmọ mi. Mi ò bínú. Mélòó ni, níbo ló sì wà?"

Mo la ẹnu. Àwàdà mílíọ̀nù kan ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò rí ẹyọ kan. Mo rí ojú rẹ̀, mo rí bíró yẹn tó dúró lórí ìwé, mo sì rí ọ̀kadà mi lábẹ́ igi. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo sá. Mo gbọ́ tí Màmá ń pè mí, kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ, Tàjúdéènì ló ń pè. Ìṣísẹ̀ mọ́kànléláàádọ́ta ni láti ibi tí mo dúró sí dé ìdí ọ̀kadà náà. Mo kà á.